Omi kànga mi ń kan: ṣé kí n máa tún un ṣe kí n tó fi bomi rin ẹ̀fọ́?

Ìbéèrè láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dáko láàárín ìlú. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ouando ni mo ti ń gbin gbọma, tẹ̀tẹ̀ àti tòmátì díẹ̀. Àbúrò ọkọ mi ra ẹ̀rọ kékeré kan fún mi, èyí tí wọ́n fi ń wo pH omi, ìyẹn bí omi ṣe kan tó: bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí 7 tó ni kíkan ṣe pọ̀ tó. Mo tì í bọ omi kànga wa, ó gbé 5.1 jáde. Mo wo íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní omi ọ̀gbìn kò gbọdọ̀ kúrò láàárín 5.8 sí 6.5. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bu omi eérú sí gbogbo bídọ́ọ̀ kí n tó bomi rin. Iṣẹ́ náà ti sú mi, ewé gbọma mi sì ń pọ́n síbẹ̀, tó bá di ọ̀sán á rọ wọ̀ọ̀. Ọkọ mi ní kí n yé da ara mi láàmú, pé àwọn ìyá wa ò wọn omi kí wọ́n tó jẹ ẹ̀fọ́. Ta ló jàre nínú wa?

* * *

Ọkọ yín ló jàre, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ohun tó sọ. Àwọn ìyá wa ò wọn omi lóòótọ́, ẹ̀fọ́ tó sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́, ta ló kà á?

Ohun tó jẹ́ kí n gbè é ni pé nọ́ńbà tí ẹ kà yẹn kì í ṣe tiwa. 5.8 sí 6.5 jẹ́ ti àwọn tó ń gbin ewébẹ̀ sínú omi tàbí sínú èèpo àgbọn tí wọ́n gún, tí gbòǹgbò ò fojú kan ilẹ̀. Bí omi bá ṣe rí nígbà tí wọ́n bù ú sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni gbòǹgbò máa bá a. Ẹ̀yin ń da omi yín sórí ilẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò, ilẹ̀ á ti sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, torí ẹnu lásán ò tó. Ká ní ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan, ẹ ń da lítà 10 sí i lójoojúmọ́, omi náà sì jẹ́ pH 5 géérégé. Gbogbo kíkan tó wà nínú lítà 10 yẹn, gíráàmù 0.005 ìyẹ̀fun òkúta ẹfun ti tó láti pa á. Ẹ bomi rin ín fún 100 ọjọ́, àpapọ̀ rẹ̀ ò ju ìdajì gíráàmù lọ. Ìka méjì lẹ máa fi ṣà á. Ẹ wá wo ajílẹ̀ yúríà. Bí ẹ bá fọ́n gíráàmù 22 péré sórí ilẹ̀ kan náà, kíkan tí yúríà yẹn máa dá sílẹ̀ bó ti ń jẹrà á gba bíi gíráàmù 18 òkúta ẹfun kó tó kúrò. Ìlọ́po 36 ohun tí omi kànga yín fi odidi 100 ọjọ́ ṣe nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń fọ́n yúríà láìbẹ̀rù, a wá ń bẹ̀rù omi.

Ibo ni 5.1 ti wá, nígbà náà? Gáàsì ni, èyí tí wọ́n ń pè ní CO2. Gáàsì tí gbòǹgbò àti ohun jíjẹrà ń mí sínú ilẹ̀ ló ń yòrò sínú omi abẹ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ Àjàṣẹ́ sì jẹ́ iyanrìn àti amọ̀ pupa, kò sí òkúta ẹfun tó pọ̀ lọ́nà tí omi náà bá wá tó lè pa kíkan rẹ̀. Òjò gan-an tó ń ti òkè bọ̀, nǹkan bíi 5.6 ni pH rẹ̀, nítorí gáàsì kan náà tó wà nínú afẹ́fẹ́.

Bí ẹ bá rò pé mò ń purọ́, ẹ fa omi tuntun láti inú kànga, ẹ wọ̀n ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá mú garawa méjì, kí ẹ máa dà á látinú ọ̀kan sínú èkejì, ẹ gbé ọwọ́ sókè dáadáa kí omi náà máa hó, ẹ ṣe é títí ọwọ́ á fi máa ro yín. Ẹ tún un wọ̀n. Nọ́ńbà á ti gòkè, ẹ ò sì fi nǹkan kan sí i. Omi tí pH rẹ̀ ń yí nítorí pé a dà á láti garawa kan sí òmíràn, ṣé òun ló máa wá pa gbọma?

Ẹ fi omi eérú yẹn sílẹ̀ lónìí. Òun ló lè ṣe ohun tí ẹ̀ ń sá fún. Omi eérú tó mú gan-an máa ń kọjá pH 10, ó sì kún fún kán-ún. Tí ẹ bá ń bù ú sí iyanrìn lójoojúmọ́, ilẹ̀ náà á kúrò níbi tó wà, ẹ ò sì ní mọ̀, torí omi lẹ̀ ń wọ̀n, ẹ ò wọn ilẹ̀.

* * *

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ. Ariwo pọ̀. Àwọn kan ní pH ni gbogbo nǹkan, wọ́n fi àwòrán aláràbarà yẹn hàn, èyí tó ń sọ ibi tí irin, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti zinc ti máa ń há mọ́ ilẹ̀, tí gbòǹgbò ò fi ní rí wọn mu. Àwòrán náà ò purọ́. Tí ilẹ̀ bá ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá 5.5, alumíníọ́mù inú amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò, ṣóńṣó gbòǹgbò á kú, á rí kúńdú, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tí ẹ fowó rà á sì há mọ́ ilẹ̀ lọ́wọ́. Tó bá gòkè kọjá 7.5, irin àti zinc ló kàn tó máa há. Ẹ̀fọ́ tó pọ̀ jù ń fẹ́ 6 sí 6.8. Ṣùgbọ́n ẹ tún ìlà ìsàlẹ̀ àwòrán yẹn kà: pH ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ pH omi sí i.

Àwọn mìíràn ní kí a gbàgbé gbogbo rẹ̀, pé ilẹ̀ á tún ara rẹ̀ ṣe. Èmi ò bá wọn lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ dúdú tó lẹ̀ lè tún ara rẹ̀ ṣe. Ilẹ̀ pupa tiwa yìí, tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre, tó bẹ̀rẹ̀ láti Àjàṣẹ́ tó gba Sakétẹ́ dé Kétu, amọ̀ inú rẹ̀ ò lè di nǹkan mú púpọ̀. Iyanrìn etí ọ̀sà tún burú jù ú lọ. Ohun tó ń bá wọn di nǹkan mú ni ohun jíjẹrà: ìgbẹ́ adìẹ, ewé, kọ̀ǹpọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá ń fọ́n yúríà lọ́dọọdún láìda ajílẹ̀ gidi sí i, ilẹ̀ rẹ̀ á kan, ìyẹn dájú. Ilé ẹ̀kọ́ Songhaï tó wà níbí, tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, orí ìdọ̀tí tí wọ́n sọ di ajílẹ̀ ni wọ́n gbé iṣẹ́ wọn kà. Kí ẹni tó wà nítòsí lọ fojú rí i kó tó ra oògùn "pH Up" lọ́wọ́ oníṣòwò orí Facebook.

Ọ̀kan nínú yín béèrè ìdí tí 5 àti 6 fi yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹyọ kan péré ló wà láàárín wọn. Ẹyọ kan lórí òṣùwọ̀n yìí, ìlọ́po 10 ni. Omi 5 kan ní ìlọ́po 10 ju omi 6 lọ, ó kan ní ìlọ́po 100 ju omi 7 lọ. Sørensen, ará Denmark, ló gbé òṣùwọ̀n náà kalẹ̀ ní 1909 nínú yàrá àyẹ̀wò ilé iṣẹ́ ọtí Carlsberg. Ọtí bíà ni wọ́n ń rò nígbà náà, wọn ò ro gbọma.

* * *

Ẹni tó kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ ní omi kànga ẹ̀rọ yín jẹ́ 7.6, ó ń fi nǹkan funfun sílẹ̀ nídìí ìkòkò, ọmọ ọsàn inú àpò rọ́bà sì ń yọ ewé tuntun tó pọ́n, tó jẹ́ pé iṣan ewé nìkan ló ṣì tutù. Àwọn kan dá yín lóhùn pé 7.6 ò jìnnà sí 7, kí ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ má gbọ́ tiwọn o.

Ọ̀rọ̀ omi yín yàtọ̀ sí ti Àjàṣẹ́ pátápátá. Orí òkúta ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà, ẹni tó bá ti rí àwọn òkè ìlú náà mọ̀. Inú òkúta lílà ni omi yín ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń kó bàíkábọ́nétì, tí í ṣe ohun tó di funfun nídìí ìkòkò. pH kì í sọ iye rẹ̀ fún yín. Omi méjì lè jẹ́ 7.6, kí ọ̀kan máà ní nǹkan kan nínú, kí èkejì kún dẹ́múdẹ́mú. Tí ẹ bá gbé omi lọ sí ilé àyẹ̀wò, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ TAC sí lórí ìwé wọn, òun ló ń sọ iye bàíkábọ́nétì náà. TAC 1 dọ́gba pẹ̀lú mílígíráàmù 10 òkúta ẹfun nínú lítà omi kan.

Ká wá tún ìṣirò wa ṣe. Omi tí TAC rẹ̀ jẹ́ 20, lítà 10 lójúmọ́ sórí mítà kan náà: gíráàmù 2 òkúta ẹfun lẹ ń dà sílẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú 100 ọjọ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ó di gíráàmù 200, ìyẹn tọ́ọ̀nù 2 lórí hẹ́kítà kan. Àgbẹ̀ tí ilẹ̀ rẹ̀ ń kan, tó fẹ́ fi ẹfun tún un ṣe, iye tó máa fọ́n nìyẹn. Ẹ̀yin ń fọ́n ọn lọ́dọọdún láìmọ̀. Nínú oko, òjò á wẹ díẹ̀ kúrò, ilẹ̀ tó ti ń kan tẹ́lẹ̀ á tún dúpẹ́. Nínú àpò rọ́bà tí ilẹ̀ inú rẹ̀ ò kún igbá, kò síbi tó máa gbà lọ. Irin á há, ewé tuntun á pọ́n.

Ẹ wo ibi tí pípọ́n ti bẹ̀rẹ̀, torí ó ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ ewé tuntun lókè ló pọ́n, tí iṣan rẹ̀ ṣì tutù, irin ni. Tó bá jẹ́ ewé àgbà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n délẹ̀délẹ̀, ebi nítírójìn ló ń pa á, ọ̀rọ̀ pH ò sí níbẹ̀.

Ṣé kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú omi gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan ṣe wí? Ibí yìí ni mo ti máa bá ọ̀pọ̀ yín jà. Lóòótọ́, nọ́ńbà orí ẹ̀rọ á sọ̀ kalẹ̀. Nínú lítà 20 omi TAC 20, bíi gíráàmù 2.5 sí 3 citric acid ló máa pa ìdajì bàíkábọ́nétì rẹ̀, ẹ óò rí i pẹ̀lú ojú yín. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ máa ń jẹ omi ọsàn yẹn, tí wọ́n bá sì jẹ ẹ́ tán, bàíkábọ́nétì tí ẹ pa á tún padà wá. Ọtí kíkan náà ò yàtọ̀. Fún ọjọ́ díẹ̀, ewé lè rí irin mu, ilẹ̀ ò yí padà. Ẹ tọ́jú omi òjò, kí ẹ máa fi lu omi kànga, ìdajì pẹ̀lú ìdajì. Kí ẹ sì fi ajílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sulfate d'ammoniaque rọ́pò yúríà fún ọmọ ọsàn, nítorí ó ń mú ilẹ̀ kan ju yúríà lọ, kíkan sì ni ẹ̀yin ń wá. Ohun tó burú fún ará Àjàṣẹ́ ló máa wo yín sàn.

Ẹni tó ní kí wọ́n bu omi bátìrì ọkọ̀ sí i: rárá. Òjé ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ò lè fọ òjé kúrò nínú ilẹ̀, ọmọ yín ló sì máa jẹ ẹ́.

* * *

Kétu náà dé. Mo mọ̀ pé ẹ máa dé.

Ìlú mi ni, mo lè sọ ọ́ láìfi bò: ní Kétu, ọ̀rọ̀ pH omi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹ̀fẹ̀. Omi abẹ́ ilẹ̀ jìn, kànga ò rọrùn, omi òjò inú tánkì sìmẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ṣẹ̀mí lẹ́ẹ̀rùn. Ẹni tó ń to bídọ́ọ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ kó tó rí omi mu, ẹ ní kó tún wá wọn ìyẹn tó fẹ́ dà sí ata?

Ṣùgbọ́n ìbéèrè yín ní láárí. Ẹ ní tánkì tuntun yín gbé omi òjò sí 9 kọjá, ẹ̀rù sì ń bà yín. Sìmẹ́ńtì tútù ló ń tu ẹfun sínú omi, òjò tí kò ní nǹkan kan nínú ò sì lè bá a jà, ni nọ́ńbà ṣe fò sókè. Nọ́ńbà ńlá, ẹrù kékeré. Ẹ fọ tánkì, ẹ da omi àkọ́kọ́ sórí ilẹ̀ pupa, ẹ tún gbà á lẹ́ẹ̀kejì, á máa sọ̀ kalẹ̀ bí sìmẹ́ńtì ṣe ń gbó. Ilẹ̀ Kétu ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Àpò ọmọ igi nìkan ni kí ẹ má fi omi àkọ́kọ́ yẹn rin.

* * *

Ẹnì kan ń fa omi ọ̀sà, ó ní pH 7.2, "ó pé pérépéré", síbẹ̀ etí ewé alùbọ́sà ń jóná. Ó wá ń bi mí bóyá kó sọ ọ́ di 6.5.

Iyọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi pH sílẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ojú omi Kútọnu ní 1885 ni òkun ti ń wọlé sínú ọ̀sà Nokoué, ó sì ń dé tiwa ní Àjàṣẹ́. Nígbà òjò, omi odò Wémè á tì í padà. Lẹ́ẹ̀rùn tí odò bá fà, iyọ̀ á gòkè wá. Ẹ̀rọ pH ò lè rí iyọ̀ rárá, bí omi ṣe ń gbé iná mànàmáná ni kí ẹ wọ̀n, ẹ̀rọ ìyẹn náà wà, ó sì máa ń pẹ́ ju ti pH lọ. Tó bá ti kọjá 3000 µS/cm, ẹ má dà á sórí ẹ̀fọ́ kankan. Láti 700 sókè ni kí ẹ ti máa ṣọ́ra, pàápàá fún ẹ̀wà, kárọ́ọ̀tì àti alùbọ́sà, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ ké. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, kó tọ́ ọ wò. Bí ahọ́n bá ti mọ̀ ọ́n, gbòǹgbò ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ẹ sì má fi omi díẹ̀díẹ̀ rin ín nírètí pé ẹ̀ ń dín iyọ̀ kù. Omi díẹ̀ ló máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ lókè.

* * *

Lórí ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ìjà inú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀rọ ló dá a sílẹ̀.

Ẹ̀rọ pH olówó pọ́ọ́kú máa ń ṣìnà láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ ò bá ní omi ìdíwọ̀n 4.01 àti 7.01 tí ẹ máa fi tún un ṣe, nọ́ńbà tó ń gbé jáde ò yàtọ̀ sí àfojúdá. Omi òjò àti omi kànga tó fẹ́lẹ́ tún máa ń dá a láàmú, torí kò sí ohun tó pọ̀ nínú wọn, á máa lọ, á máa bọ̀. Ẹ fún un láyè kó dúró. Èyí tó ní ẹsẹ̀ irin méjì, tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ láìní bátìrì, ẹ fún àwọn ọmọdé kí wọ́n fi ṣeré.

Ìyá kan níbí ní òun máa ń lo ìṣápá pupa. Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, torí ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ rẹ òdòdó ìṣápá sínú omi gbígbóná, omi pupa rẹ̀ á máa pọ́n sí i bí ẹ bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ẹ bá kán omi eérú sí i, á yí sí àlùkò, á wá di aláwọ̀ ewé. Ó lè fi omi eérú hàn yín yàtọ̀ sí omi òjò. Kò lè fi 6 hàn yàtọ̀ sí 6.8, iye yẹn ni a sì ń jà lé lórí nínú ilẹ̀.

Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹ bu ilẹ̀ láti ibi mẹ́fà tàbí méje nínú ebè, ní ìjìnlẹ̀ ọwọ́ kan, ẹ pò ó pọ̀, ẹ sá a, ẹ jọ̀ ọ́. Gíráàmù 20 ilẹ̀ sínú mílílítà 50 omi òjò, tàbí omi tí wọ́n ń ta fún bátìrì (èyí tí kò ní ásíìdì nínú o). Ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹ tún un rò, ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ẹ ò gba ẹ̀rọ yín gbọ́, ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ INRAB wà ní Agonkanmey. Àyẹ̀wò kan níbẹ̀ sàn ju ọgọ́rùn-ún wíwọ̀n omi kànga lọ.

* * *

Eérú ńkọ́, ẹfun ńkọ́? Àwọn tó ń bú mi pé mo kórìíra eérú, ẹ ò kà mí yé. Eérú dára. Omi eérú inú bídọ́ọ̀ ojoojúmọ́ ni mo kọ̀.

Tí ilẹ̀ bá wà lábẹ́ 5.5, ẹ tún ilẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, gíráàmù 100 sí 200 lórí mítà kan tó fẹ̀ tó gùn, kí ẹ ro ó mọ́ ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó gbìn. Iyanrìn, ẹ lo ìwọ̀n tó kéré. Irú òkúta náà wà nílẹ̀ wa, òun ni wọ́n ń fọ́ ní Onigbolo fún sìmẹ́ńtì. Ẹni tó bá ní eérú igi tó mọ́, kó lo ìwọ̀n kan náà, agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ti ẹfun, ó sì ní pòtásíọ́mù tí tòmátì fẹ́ràn. Eérú ilé ìdáná tí wọ́n ti sun ọ̀rá mọ́, ẹ dà á nù. Ẹfun tí wọ́n fi ń kun ilé ń jó ọwọ́, ó ń jó gbòǹgbò pẹ̀lú, ẹni tí kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ kó fi í sílẹ̀. Sìmẹ́ńtì, ẹ má tilẹ̀ dán an wò.

Ẹ má fọ́n eérú àti yúríà lọ́jọ́ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni eérú pẹ̀lú ìgbẹ́ adìẹ tútù. Ẹ óò gbọ́ òórùn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí tó ń ta ojú tó ń gún imú. Nítírójìn yín ló ń bá afẹ́fẹ́ lọ yẹn, owó yín ni.

Omi SONEB, ìyẹn omi ẹ̀rọ ìjọba, ńkọ́? Kò sí aburú nínú rẹ̀ fún ẹ̀fọ́, kílọ́ríìnì inú rẹ̀ ò ṣe ilẹ̀ ní nǹkan kan. Ìwé owó omi ló máa dùn yín.

* * *

Oníbèéèrè wa padà wá. Ó ní òun fa gbọma kan tu gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ránṣẹ́ sí i, kí òun wo gbòǹgbò rẹ̀, pé ó kún fún kókó ṣákiṣàki láti òkè dé ìsàlẹ̀, àwọn kan tóbi tó èso ẹ̀wà.

Ohun tó ń pa á nìyẹn. Aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ni, ojú ò lè rí i, inú gbòǹgbò ló ń gbé, ibi tó bá gbé ló ń wú di kókó. Gbòǹgbò tó wú bẹ́ẹ̀ ò lè fa omi, ìdí nìyẹn tó fi ń rọ lọ́sàn-án bí ẹ tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bomi rin ín tán. Ìdí nìyẹn náà tí ewé fi ń pọ́n bí ebi ṣe ń pa á. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ó sì wọ́pọ̀ gan-an nínú ọgbà Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, nítorí gbọma ń tẹ̀lé tòmátì, tòmátì ń tẹ̀lé gbọma, oúnjẹ aràn náà sì ni àwọn méjèèjì. Ṣọkọ yòkòtò náà, òun gan-an ló fẹ́ràn jù.

Ẹ fa gbogbo gbòǹgbò náà jáde, ẹ sun ún, ẹ má jù ú sínú kọ̀ǹpọ́ọ̀sì. Ẹ tú ebè yẹn sílẹ̀ fún oòrùn, ẹ máa ro ó yí kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè bọ́ sókè, ọyẹ́ á bá yín gbẹ ẹ́. Ẹ gbin ẹ̀pà sí i tẹ̀lé e, irú aràn tó wọ́pọ̀ jù nínú ọgbà wa kì í fi í ṣe oúnjẹ. Ẹ da ìgbẹ́ adìẹ sí i dáadáa kí ẹ tó padà gbin gbọma, ó máa ń dín aràn náà kù, ó sì máa ń gbé pH ilẹ̀ tó ń kan sókè díẹ̀, nítorí ẹfun inú oúnjẹ adìẹ tó ń yé ẹyin. Ẹ kíyè sí i: ohun tí ẹ̀ ń fi omi eérú wá nìyẹn.

Ọgbà ẹlòmíràn tó ń lo kànga kan náà ńkọ́? Bí tiwọn bá tutù yọ̀yọ̀ lórí omi 5.1, ẹ lọ fi han ọkọ yín.

* * *

Èyí tó kẹ́yìn fún ẹni tó béèrè bí ó ṣe máa tọ́jú ẹ̀rọ pH tó ti rà, torí kò fẹ́ jù ú nù. Ẹ má rẹ ojú rẹ̀ sínú omi òjò tàbí omi tí wọ́n ń ta fún bátìrì, ìyẹn ló ń pa á. Ẹ kán omi ìtọ́jú KCl tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ sínú ìdérí, bí kò bá sí, omi ìdíwọ̀n 4.01. Kó má gbẹ. Ẹ fi wọn ilẹ̀ yín lẹ́ẹ̀kan ṣáájú òjò àkọ́kọ́ àti lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìkórè, ó tó. Ará Ṣábẹ̀ẹ́ nìkan ni mo ní kó gbé omi rẹ̀ lọ fún TAC kí oṣù yìí tó parí, ọmọ ọsàn wọ̀nyẹn ò lè dúró pẹ́.